Mo Lọ sí Calgary, Mo Bá Bàbá Mi Níbẹ̀

Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí pé báwo ni Kánádà ṣe rí, ṣé òtútù rẹ̀ pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń wí, ṣé lóòótọ́ ni òyìnbó kì í kí ènìyàn. Mo ti dáhùn títí, ó ti sú mi. Mo wá rí i pé ó sàn kí n jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kà á. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ti òtútù, ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá mi, torí òun gan-an ni mo lọ bá ní Calgary, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àga rẹ̀ ní Ìkìrun níbí ló jókòó sí ní gbogbo ìgbà náà.

Ẹ̀yin àgbà ìlú mọ ìtàn rẹ̀. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni bàbá mi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà láti lọ kàwé gboyè. Wọ́n ní gbogbo àdúgbò ló sìn ín dé ibùdókọ̀ rélùwéè. Nígbà tó di ọdún kẹrin, ó padà dé, kò mú ìwé ẹ̀rí kankan bọ̀. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyá mi. Àwọn aláwàdà ìlú bá sọ ọ́ ní Bí-Éè-Kù-Díẹ̀. Èmi náà bá orúkọ yẹn láyé, òun ni wọ́n sì fi ń pè mí nílé ìwé: ọmọ Kù-Díẹ̀.

N kò ní purọ́ fún yín, ó dùn mí wọra. Ọjọ́ tí èmi gba ìwé ẹ̀rí tèmi ní yunifásítì, mo gbé e síwájú bàbá mi, mo ní, "Bàbá, ẹ wò ó, tèmi ò kù díẹ̀ o." Ó gbà á, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí n fi ṣe rere. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ tọrọ àforíjì lórí ohun tí n kò mọ ìdí rẹ̀? Bàbá sì ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Bí n kò bá tètè mọ̀ ọ́n, àfàìmọ̀ kí wọ́n má sin ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn.

Dídé

Àbúrò mi Bùsọ́lá, ọmọ ìyá mi, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Calgary, ló ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá òun tọ́jú ọmọ tuntun. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà tí mo ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ Government, n kò sì ní àwíjàre kankan. Nígbà tí mo lọ dágbére fún Bàbá, ó bi mí pé, "Kánádà yẹn, ṣé ó jìnnà sí Amẹ́ríkà?"

Mo ní, "Wọ́n pààlà ni, Bàbá."

Ó ní, "Hẹn-ẹn." Ó wá ní, "Àdùkẹ́, tí o bá dé ọ̀hún, má dá jẹun o." Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ni, mo ṣe àmín.

Ìparí oṣù Kọkànlá ni mo gúnlẹ̀. Bí ilẹ̀kùn pápákọ̀ òfurufú ti là, afẹ́fẹ́ kan wọ imú mi, mo sì padà sínú ilé kíá. Bùsọ́lá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sọ aṣọ kan bò mí tó wúwo ju ẹrù tí mo gbé wá lọ. Cityscape ni wọ́n ń gbé, ní ìpẹ̀kun ìlá-oòrùn àríwá ìlú náà. Ilé tuntun ló kún ibẹ̀, ọ̀kan jọ èkejì, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ní kí n dá jáde, n kò ní mọ èyí tí mo ti jáde wá. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi dúró lójú fèrèsé, n kò rí ènìyàn kan tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ilẹ̀kùn gáréèjì á ṣí, ọkọ̀ á jáde, ilẹ̀kùn á padé.

Ẹ ń bèèrè bóyá wọn kì í kí ènìyàn. Wọ́n ń kí, ṣùgbọ́n ìkíni wọn kò ní àlàyé. Nínú bọ́ọ̀sì, olúkúlùkù tó bá ń bọ́ sílẹ̀ ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà, ìyẹn sì wù mí púpọ̀. Bí o bá tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀, àwọn ni wọn yóò bẹ̀ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí snow bo ẹnu ọ̀nà wa, ọkùnrin tó ń gbé ilé kejì jáde pẹ̀lú ṣọ́bìrì, ó kó tirẹ̀, ó kó tiwa, ó sì wọlé lọ láì kan ilẹ̀kùn. Mo ṣí fèrèsé, mo fi gbogbo agbára mi kígbe, "Ẹ kú iṣẹ́ o! Thank you sir! Ọlọ́run á bù kún yín o!"

Tómi, ọmọ Bùsọ́lá tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, fa aṣọ mi. "Big Mummy, please! He can hear you!"

Mo ní, "Ṣebí ìdí tí mo fi ń pariwo nìyẹn."

Mo tún di akẹ́kọ̀ọ́

Nígbà tí oṣù kan kọjá, ọmọ tuntun ti ń sùn dáadáa, èmi ni kò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́. Mo fọ ohun tó dọ̀tí, mo fọ ohun tó mọ́. Bùsọ́lá ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, ó ń wá ṣíbí kiri.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ ma, tí ẹ bá tún to cupboard mi lẹ́ẹ̀kan sí i, ọwọ́ la máa fi ro kọfí. Ẹ jẹ́ kí n fi yín sí school."

Mo rò pé àwàdà ni. Ó ṣí ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi ẹ̀kọ́ olóṣù mẹ́rin tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ń ṣe hàn mí. Mo ń wò wọ́n lọ títí mo fi dé ọ̀kan: ìṣèlú Amẹ́ríkà àti ìgbé ayé àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Mo wo Bùsọ́lá, òun náà wò mí. Kò sí ẹni tó dárúkọ Bàbá nínú wa, ṣùgbọ́n òun ni àwa méjèèjì ń rò.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ train ní ibùdókọ̀ Saddletowne pẹ̀lú àpò lẹ́yìn, ní ọjọ́ orí mi yìí. Tíṣà wa jẹ́ obìnrin òyìnbó tó ti hu ewú díẹ̀. Ó ní kí a máa pe òun ní Heather. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ma Heather ni mo pè é títí tí a fi parí. Ní kíláàsì náà, ọmọ ogún ọdún yóò na ẹsẹ̀ gbọọrọ, yóò wo ojú tíṣà, yóò ní òun kò gbà pẹ̀lú rẹ̀, inú tíṣà yóò sì dùn. Èmi tí mo ti na ọmọ nítorí èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀! Ọmọ Nàìjíríà kan ṣoṣo ló tún wà níbẹ̀, Dámilọ́lá, ọmọkùnrin Èkó tí kò ju ọdún mẹ́tàlélógún lọ, ó sì sọ ara rẹ̀ di ọmọ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ ni bí wọ́n ṣe ń jẹun. Níbi gbogbo ni wọ́n ti ń jẹ, nínú train, nínú kíláàsì, lórí àtẹ̀gùn. Olúkúlùkù á kọjú sí fóònù rẹ̀, á máa jẹ. Ẹnì kan lè jókòó tì ọ́, kó jẹ oúnjẹ odindi, kó fọwọ́ nu ẹnu, kó má wo ojú rẹ. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn pé ó yẹ kí wọ́n sọ nǹkan kan ni.

Ẹ̀yin mọ bí tiwa ṣe rí. Bí o bá ń jẹun tí ẹnì kan kọjá, wàá ní, "Ẹ wá jẹun." Òun á ní, "Á gba ibi ire." Á sì kọjá lọ. Ẹni tó pè é mọ̀ pé kò ní jẹ ẹ́, ẹni tí wọ́n pè mọ̀ pé wọn kò bù ú mọ́ tòun. Inú gbogbo wa á dùn, oúnjẹ á sì wà bó ṣe wà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jókòó ní gbọ̀ngàn ìjẹun kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, mo tú mọ́ínmọ́ín mi. Ẹyọ kan ni, ẹlẹ́yin, tí mo ti fi ọkàn sí láti àárọ̀. Ma Heather kọjá. Mo gbé ojú sókè, ọ̀rọ̀ náà sì ti bọ́ lẹ́nu mi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: "Ma, come and eat."

Ó dúró. "Are you sure?"

Kí ni n bá sọ? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fa àga, ó jókòó, ó mú fọ́ọ̀kì mi kejì, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ẹyin náà ló kọ́kọ́ mú. Mo ń wo ẹyin mi bó ṣe ń lọ, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́, inú mi ń ké. Ó jẹ ẹ́ kọjá ìdajì, ó ní òun kò tíì jẹ irú rẹ̀ rí, ó bi mí bí wọ́n ṣe ń sè é, ó sọ fún mi nípa ìyá rẹ̀ tó kú ní ọdún tó kọjá. A jókòó títí aago fi lù.

Dámilọ́lá tó ti ń wo gbogbo rẹ̀ láti ìkángun kejì sáré wá. "Mummy, una don buy market! Ẹ pè é kẹ̀, ó dẹ̀ wá. Àwọn people yìí ò mọ 'á gba ibi ire' o."

Mo ní, "Kó o ra búrẹ́dì fún mi, àwàdà kọ́."

Ṣé ẹ rò pé ó tán síbẹ̀? Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Ma Heather fúnra rẹ̀ ló wá mi wá, ó pín búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì, ó gbé ìdajì síwájú mi. Dámilọ́lá gbé ìrẹsì tirẹ̀ dé. Simran, ọmọbìnrin Íńdíà tó ń gbé Saddle Ridge, tó máa ń dá jókòó, mo pe òun náà, ó wá pẹ̀lú rótì àti ẹ̀wà. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹta, àwa méje là ń jẹun pọ̀ lọ́sàn-án, mo sì ti ń se mọ́ínmọ́ín mẹ́wàá.

Nínú ìwé ìròyìn àtijọ́

Kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ́ wa. Wọ́n ní nígbà tí ogun parí, àwọn sójà tó ti ojú ogun dé ya wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà, ìjọba ló ń san owó wọn, ibùsùn kò tó. Ayọ̀ pọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù pọ̀ pẹ̀lú. Ìjọba ń bẹ̀rù kọ́múnísìtì débi pé wọ́n ń wá wọn lábẹ́ ibùsùn. Tíṣà tí kò bá búra pé òun kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn lè pàdánù iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú kan, wọ́n lè pè é lọ́dún kejì kó wá dárúkọ ẹni tó gbé ìwé náà fún un. Dúdú àti funfun kò sì jọ ń jẹun, kódà níbi tí kò sí òfin tó kà á léèwọ̀. Olúkúlùkù kàn mọ tábìlì tirẹ̀ ni.

Ma Heather wá ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa mú kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, kó ka ìwé ìròyìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń ṣe nígbà náà, kó wá ròyìn. Wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ kò ní bi mí èyí tí mo mú. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ni, ní ìlú kékeré kan láàárín Amẹ́ríkà, orúkọ rẹ̀ ni a ti ń rí lára àpótí onírin bàbá mi láti kékeré.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ka ti bọ́ọ̀lù àti ti ijó. Ní ọjọ́ kẹrin, mo ṣí ojú ìwé kan, mo rí bàbá mi.

Àwòrán rẹ̀ ni, ó jókòó sí ìdí tábìlì, àwọn ènìyàn yí i ká, dúdú àti funfun. Orí rẹ̀ dà sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ wà níta. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bàbá mi, ẹ mọ̀ pé kì í rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi nínú láíbìrì náà.

Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé tábìlì ọmọ Nàìjíríà ni tábìlì tó lárinrin jù nínú gbọ̀ngàn ìjẹun. Wọ́n ní kò sí ẹni tó lè kọjá lára rẹ̀ tó bá ń jẹun kó má pè é. Àwọn ọmọ dúdú méjì tí wọ́n máa ń jẹun ní kọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ lọ, orúkọ wọn ni Walter àti Clarence. Lẹ́yìn náà ni òyìnbó kan tó ti ojú ogun dé, Hank, gbé abọ́ tirẹ̀ lọ síbẹ̀. Láàárín oṣù kan, tábìlì mẹ́ta ni wọ́n ti so pọ̀.

Ẹ̀rín pa mí, omi ń bọ́ lójú mi. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Bàbá mi, ọmọ Ìkìrun, ń jẹun tirẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹnì kan kọjá, ó ní, "Ẹ wá jẹun," ó sì ń retí kí wọ́n ní, "Á gba ibi ire." Wọ́n jókòó.

Mo ka iwájú sí i. Nínú ìwé ti oṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rín náà tán lẹ́nu mi. Ọ̀gá tó ń ṣe àkóso àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pe bàbá mi síwájú ìgbìmọ̀. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó wà lẹ́yìn tábìlì náà, ẹgbẹ́ wo ló rán an, ta ló kọ́ ọ pé kó máa pe dúdú àti funfun jọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ìròyìn náà wà níbẹ̀, ó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá mi ní, "Ìyá mi ni."

Wọ́n bèèrè ibi tí ìyá rẹ̀ ń gbé. Ó ní Ìkìrun. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n rò pé ó ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Wọ́n gbé ìwé kan fún un pé kó buwọ́ lù ú, pé Walter àti Clarence ló tì í ṣe é, torí wọ́n fura sí àwọn méjèèjì pé kọ́múnísìtì ni wọ́n. Bó bá buwọ́ lù ú, á máa ka ìwé rẹ̀ lọ. Ó ní àwọn ènìyàn náà jẹ oúnjẹ òun ni, òun kò lè fi ẹni tó jẹ oúnjẹ òun sílẹ̀ fún ìyà. Wọ́n gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́rin péré ló kù kó gboyè. Ìlà méjì ni wọ́n fi dágbére fún un nínú ìwé ìròyìn tó kẹ́yìn: ọ̀rẹ́ wa ọmọ Nàìjíríà ti lọ sílé, tábìlì rẹ̀ sì ṣófo.

Mo pa kọ̀ǹpútà náà dé. Oṣù mẹ́rin. Òótọ́ ni, ó kù díẹ̀. Èmi ọmọ rẹ̀ sì gbé ìwé ẹ̀rí síwájú rẹ̀, mo fi ṣẹ̀fẹ̀.

Ọjọ́ ìròyìn

Nígbà tó kan èmi láti ròyìn, mo gbé àwòrán náà sójú ògiri, mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Nígbà tí mo ṣàlàyé "á gba ibi ire", ojú Ma Heather pọ́n dé ọrùn.

Ó ní, "Ṣé ìyẹn ni pé kò yẹ kí n jẹ mọ́ínmọ́ín yẹn?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ma, kò yẹ kí ẹ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ kò jẹ ẹ́ ni, n kì bá tí lóye bàbá mi láéláé." Òótọ́ tó wà lọ́kàn mi nìyẹn. Simran dìde, ó sọ fún wọn pé oṣù mẹ́rin ni òun fi dá jẹun ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn kí n tó pe òun.

Bùsọ́lá sunkún nígbà tí mo sọ fún un. Ó ti na ọwọ́ sí fóònù. "Ẹ jẹ́ ká video-call Bàbá now-now, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo ní rárá. Fóònù kò ṣeé kúnlẹ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀, torí àwọn ará ilé ti ń sọ pé Bàbá kò jẹun dáadáa mọ́, pé wọn a gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, wọn a tún gbé e kúrò. Ní gbogbo ọ̀nà bíbọ̀, àdúrà kan ṣoṣo ni mo ń gbà, pé kí n bá a.

Ilé

Mo bá a. Ó wà lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ti rù sí i. Ẹ̀kọ méjì àti mọ́ínmọ́ín wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì kékeré, kò tíì fọwọ́ kàn án. Ó wò mí, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Àdùkẹ́, o ti dé. Wá jẹun."

Láti kékeré ni mo ti ń dá a lóhùn pé á gba ibi ire. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbé àpò mi sílẹ̀, mo bu omi, mo fọ ọwọ́, mo fa àpótí jókòó, mo sì tú ẹ̀kọ kan. Ó tẹjú mọ́ mi. Òun náà wá tú èkejì.

Nígbà tí a ti jẹ díẹ̀, mo yọ àwòrán náà, tí mo ti tẹ̀ sórí ìwé ní Calgary, jáde. Ó gbé e súnmọ́ ojú rẹ̀. Ó fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Walter nìyí. Clarence. Hank rèé, onísọkúsọ." Ó gbé àwòrán náà lé orí itan rẹ̀. "Mo kàn pè wọ́n ni, Àdùkẹ́. Wọ́n sì wá."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ ìwé ẹ̀rí mi."

Ó ní, "Ìwé ẹ̀rí rẹ dára. Mo kà á dáadáa."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa?"

"Ẹni tí mo bá sọ fún á bi mí pé kí ló dé tí n ò buwọ́ lù ú. N ò fẹ́ máa bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Dìde, jẹun." Ó fi ìka ya mọ́ínmọ́ín náà, ó sì ti ẹyin inú rẹ̀ sọ́dọ̀ mi.

Ibi tí a ti ń jẹ ẹ́ ni Ìyá Ràṣídà, aládùúgbò wa, ti ń kọjá pẹ̀lú garawa omi. Bàbá gbé ohùn sókè, ó ní, "Ìyá Ràṣídà, ẹ wá jẹun o!"

Ìyá Ràṣídà kò tilẹ̀ dúró. "Á gba ibi ire o, Bàbá!"

Bàbá mi yíjú sí mi. Èjìká rẹ̀ kọ́kọ́ ń mì, lẹ́yìn náà ni orí rẹ̀ dà sẹ́yìn, ó bú sẹ́rìn-ín, mo sì rí gbogbo eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀.